Ìyá Àgbà Kì í Pariwo Nílé Àgùntàn

Ohùn ìyá àgbà mi tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Obìnrin kúkúrú, tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n bí òun àti awakọ̀ tó kó ẹran dé bá ń fa ọ̀rọ̀ lọ́jà ẹran Dei-Dei, àwọn tó ń ta pákó àti sìmẹ́ńtì lápá kejì ọjà á máa bi ara wọn léèrè pé ta ni Ìyá Alágùntàn tún gbá mú lónìí. Ó bá bàbá mi wí lójú àwọn àna rẹ̀. Ó bá lèmọ́mù wí nítorí pé ó pẹ́ kó tó dé ibi ìsọmọlórúkọ. Kò sí ẹni tí kò gba tirẹ̀ rí nínú wa. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ ẹnu ọ̀nà ilé àgùntàn rẹ̀, ohùn náà á lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá yí rédíò sílẹ̀. Bí ìbínú rẹ̀ kò bá tíì tán, kò ní í bá ọ jà níbẹ̀. Á di ọwọ́ rẹ mú, á mú ọ jáde lọ sí etí títì, ibẹ̀ ni yóò ti wá la ẹnu rẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún kan tó ti fi wá sílẹ̀. Àwọn àbúrò mi ní kí n kọ nǹkan nípa rẹ̀ nígbà náà, torí èmi ni ọmọ-ọmọ tó bá a gbé pẹ́ jù. N kò lè kọ ọ́. Ìyàwó mi, Sàráfátù, ló ṣáájú rẹ̀ lọ, ọ̀fọ̀ kan kò sì tíì kúrò lára mi tí èkejì fi dé. Nísinsìnyí tí ọkàn mi ti rọlẹ̀ díẹ̀, ìtàn ayé rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Ọ̀nà tó ń gbà bá ẹ̀rù lò ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí Sàráfátù kú, oyún wà nínú Ràfíátù, ọmọbìnrin wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì kù nílé wa tí kò jẹ́ ká sùn: ṣé ìpayà tó bá ìyá yìí kò ní í di ti ọmọ inú rẹ̀? Ìyá Àgbà ló bá wa wá ìdáhùn sí i, lára àgùntàn ló sì ti kọ́ ọ.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti bàbá àgbà mi ti wá sí Àbújá. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ó bọ́ sídìí òwò ẹran. Àgbò ni ọ̀pọ̀ alágbàtà ń wá, torí Iléyá. Òun ń wá aboyún. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti òkè Ọya dé, tí wọ́n ń já ẹran sílẹ̀, á máa wo ikùn kiri, á ra èyí tó bá ti lóyún, á sì mú un lọ sílé. Àwọn Hausa tó ń já ẹran máa ń fi ṣe ẹ̀rín pé Màmá kò ra ẹran, àlejò ló ń gbà.

Àlejò náà ló sì ń ṣe wọ́n. Bí àgùntàn tuntun bá dé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà á gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí ẹran náà, á sì máa ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Á máa sọ “sànnu, sànnu,” ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè Hausa, lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bá ẹ̀wà sọ̀rọ̀. Ó lè wà níbẹ̀ láti ìyálẹ̀ta títí di ọ̀sán. Àwọn oníbàárà tó bá dé á rò pé ó ń ṣàfojúdi sí àwọn. Ìgbà tí àgùntàn náà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó wá gbóòórùn gèlè rẹ̀, ìgbà náà ni yóò tó yíjú padà. Mo bi í nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé kí ló dé tí kì í kúkú wò wọ́n. Ó ní, “Àlàó, bí o bá dé ìlú tí o kò mọ̀, tí ẹnì kan dúró tó ń wò ọ́ kòrókòró, ṣé oúnjẹ lo máa rò pé ó fẹ́ fún ọ?”

Mo dàgbà, mo lọ sí yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ni mo sì kọ́. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí àlejò bá dé, á ní kí wọ́n wo ọmọ òun: òun ta àgùntàn rán an níwèé, ó lọ, ó lọ kọ́ nípa àgùntàn. Mo fi ẹ̀kọ́ náà wọ iṣẹ́ ìjọba, kò sì yéé sọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó gbà gbọ́ ló jẹ́ òtítọ́. Ó gbà pé aboyún àgùntàn kò gbọdọ̀ rí aṣọ pupa. Mo ṣàlàyé fún un pé ojú àgùntàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa bí tiwa. Ó gbọ́ mi tán, ó ní mo ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wọ búláòsì pupa wá, ó dá a padà ní ẹnu ọ̀nà. Mo wò ó. Ó ní, “Ìwọ mọ ohun tí ojú àgùntàn ń rí. Ojú tèmi ló rí i.”

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìpayà, òun àti ìwé mi kò jìnnà síra wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé bí ẹ̀rù bá ba ẹran tó lóyún, tí ìdààmú náà sì pẹ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ á máa tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń mú àyà já, tó ń mú ẹsẹ̀ múra eré. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè gba ìwọ́ dé ara ọmọ inú. Ọmọ náà kò tíì rí ayé, ara rẹ̀ sì ti ń múra sílẹ̀ fún ayé eléwu. Bí wọ́n bá bí i tán, ó lè máa ta gìrì sí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà sí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Mo sọ gbogbo èyí fún un lọ́jọ́ kan tí mo wá fún ìsinmi. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ó dáa. Ẹ̀yin ti rí ọ̀nà tó gbà wọlé. Ọ̀nà tó máa gbà jáde ńkọ́? Èmi náà kò tíì mọ̀ ọ́n.”

Ó bá gbogbo àdúgbò jà lórí ilé àgùntàn yẹn. Aládùúgbò wa kan, Málàm Sání, tó ń sun súyà, gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri tí àwọn aboyún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà lọ bá a. Torí pé ẹ̀bá ògiri náà ni wọ́n dúró sí, wúyẹ́wúyẹ́ ló fi ń bú u. Málàm Sání kò rí irú rẹ̀ rí; ó tẹ etí sílẹ̀ kó lè gbọ́ èébú ara rẹ̀ dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Kai, Màmá, ẹ sọ ọ́ sókè, n kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn.” Ìyá Àgbà ní kí àwọn lọ sí etí títì. Wọ́n dé etí títì, ó sì gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, àwọn tó wà ní ibùdó ọkọ̀ náà gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, tí wọ́n jọ jókòó, ó sọ fún un pé, “Èmi lo lè fi ariwo dí létí, mo ti gbó. Èyí tí wọn ò tíì bí, kò mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni.”

Ìgbà tí ìjọba wá wó àdúgbò wa lẹ́yìn Dei-Dei ni mo rí ohun tó ju ìjà lọ lára rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà pé wọn yóò dé. Katapílà dé láàárọ̀, ó sì ti wó ilé méjì kí a tó rí ọkọ̀ háyà. Ọkọ̀ náà dé, a fẹ́ kó ẹrù àti ẹran pọ̀ lọ sí Bwari, níbi tí bàbá mi ti ní ilé tí kò tíì parí. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní aboyún tó ti gbọ́ katapílà kò ní í tún gun ọkọ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù lọ, òun àti àgùntàn ń fẹsẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa wá. Nígbà tí a rí i tó ti ń de gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, mo tẹ̀ lé e. Èmi wà lẹ́yìn, òun wà níwájú, ẹran wà láàárín. Kò fi pàṣán lé wọn. Bí wọ́n bá dúró jẹko, a dúró. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀, á mú wọn wọ inú igbó díẹ̀ títí yóò fi kọjá. A sùn sí ilé ojúlùmọ̀ kan ní Kubwa, a dé Bwari ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Àwọn àga ìjókòó Ìyá Àgbà àti kọ́bọ́ọ̀dù tí ó gbé wálé ọkọ kò sí nínú ẹrù tó dé, a kò sì mọ ibi tí wọ́n bọ́ sí. Nígbà tí bàbá mi ń kédàárò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, Ìyá Àgbà ní, “Igi kò lóyún.”

Síbẹ̀, ẹ̀rù ti wọ ọ̀kan nínú wọn lára kí a tó kúrò. Abo àgùntàn funfun kan, tí ibùjẹ rẹ̀ sún mọ́ ògiri tí wọ́n kọ́kọ́ wó, bí akọ ọmọ kan ní Bwari. Ọmọ náà ń gbọ̀n bí ẹni pé otútù ń mú un nínú oòrùn. Bí abọ́ bá jábọ́ nílé ìdáná, á ta, á forí gbá ògiri, kò sì ní í mu ọmú fún wákàtí púpọ̀. A sọ ọ́ ní Wárìrì. Gbogbo ènìyàn ní kí wọ́n tà á.

Ibí yìí ni Ìyá Àgbà ti ṣe àṣìṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà. Ó ṣàkíyèsí pé ìyá ẹran yìí náà kò nísinmi, pé ó ń dìde, ó ń yí kiri, etí rẹ̀ kì í wálẹ̀. Ó wá rò ó pé ara ìyá ni ẹ̀rù náà ń gbà ran ọmọ lójoojúmọ́, ó sì já ọmọ gbà. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ń fi ìgò fún un ní wàrà. Ọmọ náà burú sí i. Ohùn rẹ̀ ha. Ìyá rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí a gbé e sún mọ́ ọn, ìyá forí kàn án.

Mo sọ fún un pé ohun tí àwọn tó ń ṣèwádìí rí lára ẹranko kéékèèké ni pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá lá dáadáa lẹ́yìn ìbí, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ ju ti èyí tí kò rí ẹni lá a, àti pé bí ìyá bá wà nítòsí, ẹ̀rù kì í tètè ta gbòǹgbò lára ọmọ. Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣé lílá ni mo wí. Mo ní lílá ni. Ó wọ ilé ìdáná, ó bu iyọ̀, ó fi omi díẹ̀ pò ó, ó sì fi ra Wárìrì lẹ́yìn láti ọrùn dé ìrù. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì, ó jókòó.

Àgùntàn kì í lè kọ iyọ̀. Ìyá náà gbóòórùn, ó tọ́ ọ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Bẹ́ẹ̀ ni a ń fi iyọ̀ ra á lójoojúmọ́, títí ìyá fi ń lá a láìsí iyọ̀. Oúnjẹ tó dára jù nínú ilé, ìyá náà ni Ìyá Àgbà ń fún. Ibi tó dákẹ́ jù, òun ló fi sí. Kò tún fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Wárìrì kò di akọni o. Títí tó fi dàgbà, bí nǹkan bá dún, á kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ń jẹun lọ, òun náà á jẹun lọ. Ìyá Àgbà tọ́ka sí i fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọ̀nà tó máa gbà jáde nìyẹn. Ara ìyá náà ni.”

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lórí èyí. Mo ti fi Jikwoyi ṣe ilé pẹ̀lú Sàráfátù, Ràfíátù ti lọ sílé ọkọ. Àìsàn Sàráfátù kò pẹ́. Orí fóònù ni Ràfíátù ti gbọ́ pé ìyá òun ti kú, láti ọjọ́ náà ni fóònù ti di ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá dún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kì í sùn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, kò lè máa wálé lójoojúmọ́, ni mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Bwari.

Ibẹ̀ ló bímọ sí, obìnrin. Ọmọ náà kò kéré, kò sì sí ohun tó ṣe é tí dókítà rí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá dún, á ta gìrì, á na ọwọ́ méjèèjì, á ké bí ẹni tí wọ́n jù sísàlẹ̀, ìyá rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo mọ ohun tí mo ń wò. Mo ti kà á, mo ti rí i. N kò lè sọ ọ́ fún Ràfíátù.

Nítorí pé Sàráfátù, ìyá ìyá ọmọ náà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, Ìyábọ̀ ni gbogbo ẹbí ń pè é, bí àṣà wa. Kò sí ẹni tó wọlé tí kì í fi omijé pè é. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ní, “Ìyábọ̀, o ti dé padà,” wọ́n á sì bú sẹ́kún, Ràfíátù náà á bú sẹ́kún, ọmọ á ké. Ìyá Àgbà fara dà á títí di ọjọ́ tí ìbátan wa kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mú gbogbo wọn jáde lọ sí etí títì. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ohùn náà ṣì wà ńbẹ̀. Ó ní Àíṣátù tí lèmọ́mù pè é ni kí wọ́n máa pè é. Ìbátan wa ní ṣé ó fẹ́ pa àṣà rẹ́ ni. Ó dáhùn pé, “N kò pa á rẹ́. Mo fi í pamọ́ ni. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá lè pe orúkọ yẹn láìsunkún, ẹ máa pè é.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kúbúrà, wá ń tọ́jú abiyamọ. Ó fẹ́ràn Ràfíátù gan-an. Ó rí i pé ìbànújẹ́ ìyá ń ran ọmọ, ó wá ń gbé ọmọ lọ sí yàrá tirẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pọ̀n ọ́n, ó ń gbé e fún ìyá rẹ̀ kìkì láti fún un lọ́mú. Gbogbo wa yìn ín. Ràfíátù dákẹ́ sí i, ó ń wo ògiri. Ìyá Àgbà wò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì pe Kúbúrà. Kò jágbe. Ó ní àṣìṣe tí òun ṣe lórí Wárìrì ni ó ń ṣe yìí. Inú Kúbúrà ru, ó ní àgùntàn kọ́ ni Ràfíátù. Ìyá Àgbà ní, “Mo mọ̀. Àgùntàn ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kí n má baà fi èèyàn kọ́ ọ.”

Ó gba ọmọ, ó gbé e fún Ràfíátù. Ó gbé igbá òrí fún un pẹ̀lú. Ó ní láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ pa òrí fún ọmọ yìí. Ràfíátù ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ó ní kó fi èyí tó ń gbọ̀n pa á. Ó wá gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú. Kò ní kó mọ́kàn le. Àwa yòókù, iṣẹ́ tó pín fún wa ni kí ìyá ọmọ jẹun kó tó bèèrè oúnjẹ, kí fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kí ọkọ rẹ̀ sì máa wálé bó bá ti lè wá. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ni ká ṣe fún ọmọ. Ó ní, “Ẹ ti ń ṣe é.”

Kò yá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo rò pé a ń tan ara wa jẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Ràfíátù ń sùn. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ nínú òrí. Ọmọ ṣì ń ta gìrì, ṣùgbọ́n kì í ké pẹ́ mọ́. Á ta, á wá ojú ìyá rẹ̀, á dákẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó síta pẹ̀lú Ìyá Àgbà, a gbọ́ tí Ràfíátù ń pa òrí fún ọmọ nínú yàrá, tó ń bá a ṣeré, tó ní, “Ìyábọ̀, gbé ẹsẹ̀ yìí wá jàre, olórí kunkun.” Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò yíjú padà. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó dá Ràfíátù lóhùn pé, “Ìyá ẹ náà ló jọ. Sàráfátù lórí kunkun.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ ìyàwó mi tí ọkàn mi kò bọ́ sísàlẹ̀.

Ìyábọ̀ ti ń rìn nígbà tí Ìyá Àgbà kú. Ó kírun òwúrọ̀ tán, ó sùn padà, kò jí. Kí ó tó di ọ̀sán, ilé wa ní Bwari ti kún. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Àwọn obìnrin ń sunkún, àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí ń kéwú sókè, ọkọ̀ ń fun fèrè níta.

Ìyábọ̀ jí láàárín rẹ̀. Ó rìn jáde dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó rí àwọn èèyàn tí kò rí rí. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀gbọ́n mi Kúbúrà ti ń dìde láti gbé e sá. Ràfíátù mi orí sí i pé kó fi í sílẹ̀. Orí ẹní ni Ràfíátù jókòó sí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú kúrò, ó ta gẹ́gẹ́ lọ bá bàbá arúgbó kan tó jókòó síbi ògiri, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé wa, ó di ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fà á. Bàbá náà jẹ́ kó fà á.

Mo lọ jókòó ti ọmọ mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Dádì, ó mọ̀ pé ẹkún lásán ni mò ń sun. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù ò bà mí.”